Mo Fi Pèrègún Ránṣẹ́ fún Ààlà Ìpín Rẹ

Àràmídé ọmọ mi,

Mo kí ọ láti Ìdèrè níbí. Ìyá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ wa náà ìbá kí ọ bí kì í bá ṣe pé òun ló jẹ lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ. Ṣé ò ń sùn dáadáa? Ṣé òjò kì í jò wọ yàrá tí ẹ̀yin mẹ́rin ti ń ṣiṣẹ́? Kí Olúwa tó ń jí ẹyẹ láìsí aago máa jí ọ pẹ̀lú àlàáfíà. Kò sí ẹni tó ṣàìsàn nílé, iṣu ti ń hù, orúnkún ìyá rẹ nìkan ló ṣì ń ṣe bí ó ti máa ń ṣe.

Nígbà tí o pè lóṣù tó kọjá pé o ti fi ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá yẹn sílẹ̀, pé o ti dara pọ̀ mọ́ àwọn mẹ́ta kan nínú tuntun tí kò tíì pé ọdún kan, tó ń bá àgbẹ̀ wá mọ́tò tí yóò kó irè oko wọn, o ní kí n súre fún ọ, mo sì gbé fóònù fún ìyá rẹ. Ọ̀rọ̀ náà ni kò bá mi lára mu. Ilé-iṣẹ́ tó ní àtẹ̀gùn tó ń gbé ènìyàn lọ sókè láìgbẹ́sẹ̀, tí wọ́n sì ń fún yín lóúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́, ta ní ń fi ìyẹn sílẹ̀?

Obadiah, ọkọ àbúrò ìyá rẹ, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, gbọ́, ló bá dìde nínú ìpàdé àdúrà pé kí a gbàdúrà fún ọmọ wa kan tí wọ́n lé níbi iṣẹ́. Mo ní wọn kò lé e. Ó ní Bàbá Àràmídé, ẹni tí wọn kò lé kì í dìde nídìí ìrẹsì ọ̀fẹ́. Gbogbo ìjọ ṣe àmín, ìyá rẹ náà ṣe é, ó ní ó ti mọ́ òun lẹ́nu ni.

Ó dùn mí títí di ọjọ́ tí o sọ fún ìyá rẹ pé níbi tuntun yìí kò sẹ́ni tó ń bọ́ yín, pé ìwọ lo se ẹ̀wà tí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ. Ìyá rẹ bú sẹ́kún, èmi bú sẹ́rìn-ín. Ṣebí àgbẹ̀ ni mí. Ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá lóko, alágbàṣe ni. Olóko ló ń gbé tirẹ̀ láti ilé. O wá ṣàlàyé pé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n ó di ọdún mẹ́rin kí ó tó bọ́ sí ọ lọ́wọ́ tán. O rò pé kò ní yé mi. Kaṣú mi ńkọ́? Ọdún mélòó ni mo fi ro abẹ́ rẹ̀ kí n tó ká ẹyọ kan?

Mo sáré lọ sọ fún Obadiah pé ọmọ mi kì í ṣe lébìrà mọ́, ó ti nílẹ̀. Ó ní ilẹ̀ wo, nínú yàrá kan ṣoṣo? Mo ní ibẹ̀ náà ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Obadiah wú ẹ̀gẹ́ oko rẹ̀ sílẹ̀, mọ́tò oníbàárà rẹ̀ kò dé. O mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó gun ọ̀kadà wá, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó ní Bàbá Àràmídé, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà wo ni ọmọ wa ní kí àgbẹ̀ máa pè bó bá ń wá mọ́tò? Ìyá rẹ ní ọmọ ta? Ó ní ọmọ wa.

Mo pe nọ́ńbà náà. Ọmọbìnrin kan nínú yín gbé e, Yorùbá rẹ̀ dán. Mo kí i, mo kí àwọn òbí rẹ̀, mo bèèrè ìlú rẹ̀. Kò dáhùn ọ̀kan, ó sáà ń sọ pé bí mo bá ní ẹ̀gẹ́, kí n tẹ oókan. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sọ ibi tí oko wà, ṣùgbọ́n bá mi bá a sọ̀rọ̀. Bí òun náà bá ní ìpín níbẹ̀, kò yẹ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, mọ́tò ti dé, wọ́n kó ẹ̀gẹ́ náà tán, wọ́n sì sanwó fún Obadiah lójú mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ru iṣu wá síwájú ìjọ, ó ní òun wá dúpẹ́ nítorí ọmọ wa tó dá oko tuntun. Mo ṣe àmín débi pé àwọn ọmọdé wẹ̀yìn wò mí.

Ohun tó kù ni ààlà. Ìpín tí kò ní ààlà, ìjà ni. Mo ti di pèrègún mẹ́rin sínú àpò gàrí, ó wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń ná Èkó láti gáréèjì Ìgbó-Ọrà. Jẹ́ kí àwọn mẹ́ta yòókù dúró níbẹ̀ kí o tó gbìn ín, kí ẹnikẹ́ni má sọ lọ́la pé òun kò rí i. Bí ilẹ̀ yàrá náà bá jẹ́ sìmẹ́ńtì, gbìn ín sínú garawa, kí o gbé e sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ibi tó jẹ́ tìrẹ. Má fi dí ẹnu ọ̀nà, oníbàárà yóò wọlé.

Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, dá a dúró ná. Oko tuntun kì í bọ́ olóko lọ́dún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n owó ọ̀kadà tó gbé pèrègún dé gáréèjì, àti ti awakọ̀, àti ti òróró orúnkún ìyá rẹ tí mo rà lójú ọ̀nà kan náà, ìyẹn kì í ṣe owó oṣù, owó ààlà ni. Tètè fi ránṣẹ́.

Ó wá ku ìre tí o bèèrè lọ́jọ́ yẹn. Abẹ́ kaṣú ni mo jókòó sí kọ ọ́. Pèrègún kì í wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn. Ewé rẹ kò ní wọ́. Wàá gbìn, wàá ká, wàá sinmi lábẹ́ òjìji ohun tí o gbìn. Ọjọ́ tí wọn yóò bá sì máa jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ nílé-iṣẹ́ yín, ìwọ ni wàá máa bù ú fún wọn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adéníran, bàbá olóko.