Igi Kérésì Mẹ́ta Láti Ara Súwẹ́tà Bàbá Wọn

                                                  Ilé Alájà Mẹ́ta,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejìlá.

Olówùú, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì máa ń bá tẹlifíṣọ̀n jà bí ẹni pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń gbọ́ ọ? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ? Mo gbà pé ara gbogbo yín le. Tèmi náà, a dúpẹ́, mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń bọ̀. Má bínú pé o ò gbúròó mi láti ìgbà yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù. Mi ò ní tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí ẹkún á fi gbà á lẹ́nu mi, ìwọ náà á wá máa ké "Hàlóò! Hàlóò!" títí gbogbo àdúgbò á fi jí.

O rántí súwẹ́tà aláwọ̀ ewé tí o hun fún bàbá àwọn ọmọ mi, èyí tó ní bọ́tìnnì onígi níwájú. O rántí bó ṣe kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ tó ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ yí ká pálọ̀, tó ní kí a máa pe òun ní máníjà. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ ọ mọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀. Ó wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ká a sínú ọ̀rá, mo gbé e sísàlẹ̀ àpótí mi.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀gá wa ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn mú igi Kérésì kékeré kan wá tí wọ́n fi wúùlù hun. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n hun nínú wa hun díẹ̀, kí a lè tò wọ́n sójú fèrèsé ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi? Àwọn tí a jọ ń lọ aṣọ wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìyá àgbà ti padà sí jẹ́lé-ó-sinmi. Mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín, mò ń hun tèmi. Ìdí ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú òwú tó pọ̀, bí mo ṣe ń gòkè ni mò ń dín in kù, títí á fi ku ẹyọ kan ṣoṣo lórí abẹ́rẹ́. Mo wá rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀, mo ki òwú funfun tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu egbò sí i nínú, ó sì dúró. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ mìíràn ni mò ń wá nínú àpótí lọ́jọ́ kan tí mo fi tú ọ̀rá yẹn wò. Kòkòrò ti ń jẹ súwẹ́tà náà lábẹ́ abíyá. Mo jókòó ti àpótí, mo gbé e lé ẹsẹ̀. Mo rò ó pé tí mo bá tún dà á padà síbẹ̀, ihò nìkan ni màá bá lọ́jọ́ mìíràn. Mo tún rò ó pé ọmọ mẹ́ta ni mo bí, wọn ò sì gbé ibi kan náà. Tí mo bá tú u, tí mo fi hun igi mẹ́ta, olúkúlùkù wọn á ní bàbá rẹ̀ nínú ilé. Olówùú, inú mi dùn sí ọgbọ́n tí mo dá yìí débi pé mò ń kọrin.

Bí o ṣe kọ́ mi náà ni mo ṣe é. O ní òwú tí a tú gbọ́dọ̀ fojú kan omi, kí a sì so nǹkan tó wúwo mọ́ ọn nídìí tó bá ń gbẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa lọ́ mọ́ra. Mo mú un lọ síbi iṣẹ́. Ọṣẹ wa ni mo fi fọ̀ ọ́, èyí tí a fi ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn, mo sì ṣan án títí omi rẹ̀ fi mọ́ kedere. Nígbà tí mo hun ún tán, mo ki òwú tó ṣẹ́kù sí wọn nínú, mo rán bọ́tìnnì onígi kọ̀ọ̀kan sí ṣóńṣó orí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dípò ìràwọ̀.

Mo fi ti àkọ́bí ránṣẹ́ sí i níbi tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì lọ́nà jíjìn. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ padà. Igi wà lójú fèrèsé, ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ ò sí nínú fọ́tò, mo sì ti ń bi ara mi kí ló fà á tí kò fẹ́ kí n rí ojú òun. Ti èkejì kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, ìgbàkígbà tí mo bá pè é, á ní, "Màámi, mo wà lójú ọ̀nà," bí ẹni pé ọ̀nà ọ̀hún ò lópin. Wọ́n ti dàgbà, mo mọ̀. Ọkàn mi ni kò mọ̀.

Ti àbíkẹ́yìn ló ká mi lára jù. O mọ̀ ọ́n, Gbólóhùn-kan, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń pè é nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ló ń sọ lójúmọ́. Òun ló ń wẹ bàbá rẹ̀, òun ló ń gbé e yí lórí ibùsùn, títí ọ̀gá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà fi gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Láti ìgbà ìsìnkú, kò sùn nílé mi mọ́. Yàrá kan ló gbà níbì kan tí mi ò mọ̀. Tó bá pè mí, èémí rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ ju ọ̀rọ̀ lọ.

Ní ọ̀sán Sátidé tó kọjá, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Òun ni. Ó ti rù, Olówùú. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á gba orí méjì. Mo ní, "Ọkọ mi, ṣé o ń jẹun ṣá?" Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ta ló wá ń bá a gbé oúnjẹ ọ̀hún lọ? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọkàn mi fẹ́ balẹ̀. Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀, ó ní, "Màámi, súwẹ́tà Bàbá ni mo wá mú, mo fẹ́ máa fi sùn."

Ìwọ ṣáà wo ìyà. Ìdùnnú ni mo fi dìde! Mo gbé igi náà wá lórí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni gbé ẹyin, mò ń ṣàlàyé kòkòrò, mò ń ṣàlàyé bọ́tìnnì, mo ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà lójú fèrèsé. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Ó gbà á, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó gbé e símú. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

"Ọṣẹ ló ń rùn, Màámi."

Ó gbé e sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ń fọwọ́ pa á, ó ń wo ògiri. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ bí aláìsàn ibà. Mo ní màá tú u padà, mo ní màá pè ọ́ kí o bá mi hun ún bó ṣe wà. Nígbà tó yá, ó gbé igi náà lé orí tábìlì, kò tiẹ̀ gbé e nàró. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ń sùn nínú ilé.

Láti ọjọ́ náà, fóònù rẹ̀ ò lọ. Mo ti tú igi ti èkejì, mo sì gbìyànjú láti fi hun súwẹ́tà padà. Kò tó apá kan. Má wulẹ̀ wá èyí tó ṣẹ́kù nínú àpò òwú rẹ, kì í ṣe òwú ni ọmọ yìí ń wá. Mo ti gbé ìrọ̀rí bàbá rẹ̀ símú, mo ti gbé fìlà rẹ̀ àti ṣòkòtò rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fọ nǹkan, mo sì ti fọ gbogbo rẹ̀ tán.

Tó bá yà sọ́dọ̀ rẹ, torí ó fẹ́ràn ilé rẹ, má ṣe dárúkọ súwẹ́tà sí i. Ṣáà jẹ́ kó jẹun. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbé ọmọ tuntun náà mọ́ra. Má fi aṣọ rẹ̀ tó ti kéré fún ẹnikẹ́ni.

Ó ku nǹkan kan. Nígbà tí mo gbé igi náà nàró lẹ́yìn tí Gbólóhùn-kan lọ, bọ́tìnnì ò sí lórí rẹ̀ mọ́. Òwú tí mo fi rán an já. Mi ò mọ̀ bóyá ó já bọ́ ni, tàbí ọmọ mi ló já a lọ. Mo ti wo abẹ́ tábìlì, mo ti wo abẹ́ àga, mo ti ká kápẹ́ẹ̀tì. Abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ló kù. Kò wúwo, mo lè dá a sún. Mi ò sún un, Olówùú. Àní mi ò gbálẹ̀ débẹ̀.

Èmi ni, tí ọkàn rẹ̀ ò sí nílé,
Ìyá Gbólóhùn-kan