Wọ́n Ti Ń Pè Mí Ní Dókítà

Bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí yín, mo kí Ìyá àti gbogbo ilé. Ara Màámi ti yá, wọ́n ti padà sí ìsọ̀ wọn ní ọjà Kejetia.

Bàbá mi ti ṣe sàráà nítorí ilé-ìwé ìṣègùn tí mo fẹ́ wọ̀. Mi ò tíì ṣèdánwò o! Látìgbà náà, àwọn àti gbogbo Moshie Zongo, àdúgbò wa níbí, ń pè mí ní Dókítà. Lánàá, Ìyá Hafiz aládùúgbò wa gbé ẹsẹ̀ wíwú wá kí n wò ó. Oorun ò kùn mí mọ́.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n Bàbá mi nìkan ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n máa pe orúkọ mi. Bí mi ò bá wá wọlé, kí ni wọ́n fẹ́ máa pè mí?

Allah á dá yín sí fún wa.

Èmi ni, Sàbírátù.