Àyà Aṣọ Rẹ Tí N Kò Tíì Rán

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àwọn tó ń gbé lókè orí rẹ nínú ilé alájà mẹ́rin yẹn ń jẹ́ kí o sùn? Ọlọ́run tó sìn ọ́ jáde nílé kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ. Tiwa náà dára, gbogbo wa ló wà láàyè, ìyá rẹ ló sì wà láàyè jù, ìdí nìyẹn tí mo fi ti aṣọ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi tí mo ń kọ lẹ́tà yìí.

Ọmọ mi, mo rí ohun ìyanu ní ọsibítù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ya àwòrán ọmú ìyá rẹ nítorí kókó tó fọwọ́ bà níbi tó ti ń wẹ̀, mo wọ kóòtù, mo fi páúdà sí i lójú, mo tẹ̀ lé e wọlé, torí láti ọdún méjìdínlógójì tí a ti fẹ́ra, a kì í dá fọ́tò yà. Ọmọbìnrin tó ń yà á ní bàbá, ẹ ò sí nínú eléyìí o. Mo ní kó sáà fi èjìká mi kan sí i. Ẹ̀rọ náà ò tilẹ̀ wojú ènìyàn! Ó fi pátákó méjì tẹ ọmú pẹlẹbẹ bí mo ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì rí jẹjẹrẹ tó sá pamọ́ sínú. Èmi tí mo ti ń wọn àyà obìnrin láti ìgbà èwe mi, téèpù mi ò rí i.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n gé ọmú òsì kúrò. N kò ní purọ́ fún ọ, mo sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, mo tẹjú mọ́ ojú rírán náà, mo wá ibi tí dókítà ti bẹ̀rẹ̀ tì. Mo bi wọ́n pé ọ̀gá wo ló kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n ní yunifásítì ni. Mo ní kí wọ́n bá mi kí ọ̀gá náà gidigidi.

Wọ́n fa oògùn sí i lára títí irun orí rẹ̀ fi re. Nígbà tó yá, wọ́n fi yíǹkì fa ilà sí i láyà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ̀rù bà mí, torí nínú iṣẹ́ tèmi, ibi tí a bá fa ilà sí la ó gé. Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀rọ gàgàrà kan, gbogbo wọn bá jáde, wọ́n tilẹ̀kùn. Mo ní irú ìwà wo nìyí, mo fẹ́ wọlé lọ dúró tì í, nọ́ọ̀sì dì mí mú. Kò pẹ́, ìyá rẹ rìn jáde, ó ní òun ò mọ nǹkan kan lára. Iná tí kò tàn, tí kò gbóná, tó ń jó àrùn! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi lọ, ẹnu mi ò tíì padé.

Ẹnì kan tilẹ̀ wà nínú fóònù tó ń rán wa létí ọjọ́ tí a ó lọ. Mo máa ń kí i padà, mo ń béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n pé kí a wá ní aago mẹ́sàn-án nìkan ló máa ń sọ. Kò lọ́yàyà, àmọ́ kò gbàgbé wa rí. Mo ti rán àpò kékeré kan fún un, bí o bá mọ ilé rẹ̀.

Nígbà tí a délé, apá òsì ìyá rẹ ò gòkè. Nọ́ọ̀sì ní kó máa fi ìka gun ògiri lójoojúmọ́, èmi náà ń fi ṣọ́ọ̀kì mi sàmì síbi tó bá dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ilà náà ò ga ju orí àga lọ. Láàárọ̀ àná, ìyá rẹ na apá òsì, ó gbé aago ara ògiri kúrò lórí ìṣó, ó ní ó ti ń sáré jù, ó tún un ṣe, ó gbé e kọ́ padà. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó náà.

Mo tún rán ìrọ̀rí róbótó kan tó ń fi sínú kọ́mú, mo fi ọkà bàbà kún un kó lè wúwo bí èkejì. Dókítà gbé e lọ́wọ́ wò, wọ́n bi mí pé ọ̀gá wo ló kọ́ èmi náà.

Wọ́n ní kí ìyá rẹ máa lo oògùn kan lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún, kó máa rìn dáadáa, kó má pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ. Wọ́n wá béèrè bóyá a ní ọmọbìnrin. Mo ní ẹyọ kan ṣoṣo ni. Wọ́n ní níwọ̀n bí ìyá rẹ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ní in, kí o má dúró de kókó, kí o tètè lọ yẹ ara rẹ wò. Ìyá rẹ ní o sọ pé o ò fẹ́ mọ̀. Ọmọ mi, ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà sọ nìyẹn, odidi ọdún kan ló fi bò ó mọ́lẹ̀. Èmi ni mo rán aṣọ tí wọ́n fi sin ín. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a.

Gáùn búlúù tí o ní kí n rán wà lórí tábìlì. Mo ti rán apá, mo ti rán ìsàlẹ̀, àyà ló kù. N kò ní fojú díwọ̀n àyà ọmọ mi. Lọ ṣe àyẹ̀wò náà, kí o wá sílé wá sọ ohun tí wọ́n rí. Bó bá ṣe wù kó rí, màá rán an bá ọ mu.

Ní ti owó, kọ́kọ́ yọ ti àyẹ̀wò sọ́tọ̀. Bó bá ṣẹ́ kù, fi ránṣẹ́ kí n ra ṣọ́ọ̀kì, ìyá rẹ ti lo tèmi tán sára ògiri.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ìdìde. O ò ní ṣáájú wa lọ. Ojú tó rí ti ìyá rẹ kò ní rí tìrẹ.

Èmi ni baba rẹ, aránṣọ.

Má da ara rẹ láàmú lórí páúdà o, wọn kì í ya ojú. Mo ti fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.