Ohùn Màmá Tósìn ni mo fi gún ara mi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Èmi Wàsíù ni mo fọwọ́ ara mi ki rọ́bà ínsúlínì bọ ikùn mi lónìí! Ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta là ń pààrọ̀ rọ́bà tín-ín-rín yìí, ibẹ̀ ni oògùn àtọ̀gbẹ mi ń gbà wọ ara mi. Màámi sì ti búra pé tí mi ò bá lè dá a ṣe, mi ò ní bá Bàbá lọ sùn sóko Òkèhò láti wa iṣu.

Mo fi sípíríìtì nu ikùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé abẹ́rẹ́ tó ń ti rọ́bà wọlé súnmọ́ ọn, ẹ̀ẹ̀mejì lọwọ́ mi sá. Ni mo bá gbé ohùn imú Màmá Tósìn wọ̀, nọ́ọ̀sì tó máa ń bá mi ṣe é: "Wàsíù, o ò ṣojo nígbà tó o fi aláǹgbá sínú báàgì mi! Ó yá, mí kanlẹ̀! Tẹ̀ ẹ́!"

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ta mí bíi tanpẹ́pẹ́. Mo fa abẹ́rẹ́ yọ, rọ́bà dúró jẹ́ẹ́.

Màámi pariwo láti ẹ̀yìnkùlé: "Màmá Tósìn, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ bá mi gún un, ojo lọmọ yẹn!"

Mo tún ránmú: "Ó ti gún ara rẹ̀, Ìyá Wàsíù. Ẹ lọ di ẹrù rẹ̀."

Wọ́n sáré wọlé, wọn ò bá nọ́ọ̀sì kankan. Èmi àti rọ́bà mi ni wọ́n bá.

Àdá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí.