Ẹni Tó Ń Wá Àrùn Tó Ń Sùn: Ìgbésí Ayé Olóògbé Dókítà Rosanda Pajić (1948–2023)

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1948 ni a bí Màmá wa sí ilé Lazar àti Mileva Vukajlov, ní abúlé kan lẹ́bàá odò Tisa, ní agbègbè Banat. Àgbẹ̀ ni wọ́n láti ìran bàbá, gbogbo wọn ló sì ń sin ẹlẹ́dẹ̀.

Màmá wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ẹranko ní Belgrade lọ́dún 1967. Lọ́dún 1974, wọ́n fẹ́ Olùkọ́ Svetozar Pajić, ẹni tó ṣáájú wọn lọ lọ́dún 2014.

Ní ìgbà òtútù ọdún 1981, ọgbọ̀n ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kú nílé Bàbá Sreten, aládùúgbò wa. Wọ́n ń sín, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú wọn, wọn ò sì lè mu ọmú mọ́. Bàbá Sreten ní opó kan tó ń jẹ́ Kata ló mọ̀ọ́mọ̀ ta abo ẹlẹ́dẹ̀ alárùn fún òun. Àwọn ará abúlé gbà á gbọ́. Wọn ò kí Kata mọ́.

Bàbá Sreten dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. "Dókítà, ẹ sáà sọ pé obìnrin yẹn ni, kí n mọ ẹni tí mo máa bá jà."

Màmá ní, "Ẹ gbé òkú méjì wá ná. Imú wọn ni màá bi, kì í ṣe ẹnu yín."

Màmá gé awọ inú imú àwọn òkú náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n fi máíkírósíkóòpù wò ó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ti wú, ohun dúdú kan sì jókòó láàárín wọn bí ojú òwìwí. Kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní sáítómẹ́gálófáírọ́ọ̀sì ni. Àgbà ẹlẹ́dẹ̀ lè gbé e kiri láìṣàìsàn, kó sì kó o ran ọmọ rẹ̀. Màmá yẹ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tí Bàbá Sreten ti ní tipẹ́ wò. Ó wà lára tiwọn náà.

"Kata kọ́ o, Sreten. Ilé yín ló ti ń gbé kí ẹ tó mọ ọ̀nà ilé rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí Bàbá Sreten tó lè lọ bẹ Kata.

Lọ́dún 2009, oko kan ń sin ẹlẹ́dẹ̀ fún àwọn tó ń ṣèwádìí bóyá ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lára ènìyàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Màmá ṣe kò rí àrùn kankan lára wọn. Màmá kọ̀, wọn ò fọwọ́ síwèé pé ara àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà mọ́. Wọ́n ní sáítómẹ́gálófáírọ́ọ̀sì máa ń sùn nínú ara, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í fìgbà gbogbo tú u fó. Wọ́n wá àmì pé ara àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà ti bá a jà rí. Nínú méjìlá, wọ́n rí i lára mẹ́rin.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ Màmá ní, "Dókítà, ọdún mẹ́rin ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì. Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ lọ sinmi."

"Ó ti rẹ̀ mí lóòótọ́, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n mi ò lè torí àárẹ̀ purọ́."

Wọ́n gbé Màmá lọ sí yàrá ìkó-ẹrù, níbi tí wọ́n ti ń lẹ orúkọ mọ́ ìgò. Ẹlòmíràn fọwọ́ síwèé náà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀bọ tí wọ́n fi ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ wọ̀nyẹn sí lára kú láìtọ́jọ́, a sì rí àrùn náà lára wọn. Kò sẹ́ni tó bẹ Màmá. Àpótí ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tuntun ni wọ́n kàn gbé wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Màmá wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí a máa já ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyá ní kété tí a bá ti bí i, kí a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Ọdún márùn-ún ni iṣẹ́ náà gbà kí agbo kan tó bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ náà.

Ọmọ Ìjọ Ọ̀tọ́dọ́ọ̀sì tòótọ́ ni Màmá. Lọ́jọ́ Nikólà Mímọ́, àwọn ni wọ́n máa ń ṣe búrẹ́dì fún gbogbo àwọn opó àdúgbò.

Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló dá wọn dùbúlẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 2023, ọmọ wọn obìnrin gbé ọbẹ̀ wá. Màmá ní, "Bosiljka, jẹ́ kí n sùn. Kò sẹ́ni tó ń retí èsì lọ́wọ́ mi lónìí." Wọn ò jí mọ́.

Wọ́n fi àwọn ọmọ wọn, Bosiljka àti Nenad, sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún àti ọmọ kan tí ọmọ-ọmọ wọn bí.

Màmá, iṣẹ́ tó. Kí ilẹ̀ Banat fúyẹ́ lára yín. Ẹ sùn re o.