Bàbá Ti Ń Kírun Padà

Bọ̀dá mi Quadri,

Àsàláàmù aláékúmù. Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Màámi ń kí yín láti Jakande níbí. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ni mo fẹ́ sọ. Látìgbà tí dókítà ti fi rọ́bà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sí wọn lára ni wọn ò ti kírun mọ́. "Ara mi ò mọ́," ni wọ́n ń sọ. Mo bá pe Ààfáà wá.

Ààfáà ní, "Bàbá, Ọlọ́run ò ni aláìsàn lára. Ẹ máa ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan, ó ti tó."

Bàbá sunkún. Mo bomi sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì jókòó kírun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kan ara wa láyọ̀.

Àbúrò yín,
Ràhmát