Ayẹ́ná Tó Ga Jù

Ọmọ́bọ́lájí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Ọ̀kọ́tà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tó jí wa láàárọ̀ yìí kò ní jẹ́ kí ẹ ríbi. Àwa náà wà níbí o. Ewúrẹ́ wa bí méjì, òrùlé kò jò mọ́, bàbá rẹ náà sì ti ń jẹun. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ewúrẹ́ ṣáájú rẹ̀ ni kí àyà rẹ má baà já.

O rántí pé nígbà tó wá kí yín, dókítà tó o mú un lọ bá ní Ìsọlọ̀ ní ọkàn rẹ̀ ń sáré, ó tún ń dúró, kì í lù déédéé, ó wá fún un ní oògùn tuntun. O sì mọ̀ pé ó ti ń lo ti àtijọ́, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dì. Bó ṣe délé ló sọ fún mi pé dókítà ní oògùn méjèèjì máa ń kọlu ara wọn. Mo ní ìjà kẹ̀? Nínú ilé mi? Mo gbé tuntun sí pálọ̀, mo gbé àtijọ́ lọ sílé ìdáná, lẹ́yìn ike iyọ̀, kí wọ́n má baà rójú ara wọn. Mo rò pé mo gbọ́n. Mi ò mọ̀ pé inú bàbá rẹ ni wọ́n ti ń pàdé.

Ọjọ́ ọjà ló ń run pákò, ẹ̀jẹ̀ bá bo ẹnu rẹ̀. Ó ní pákò ló le. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, kò dá, aṣọ tí mo fi dí i rin gbingbin. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tó kàn fara kan ilẹ̀kùn lásán ti dúdú. Mo gbàgbé gèlè sílé, mo gbé e sórí ọ̀kadà, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kó má baà ṣubú, ó di ọsibítù ńlá.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Mardiyah gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ìgbà tó padà dé, ó ní, Màmá, Ayẹ́ná Bàbá ti ga jù. Ọmọ mi, ojú mi ṣú. Mo ní ta ló ń jẹ́ Ayẹ́ná? Ọmọ ilé ibo ni? Àbí Máfolúkù l'Ékòó tó lọ sùn sí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti rí i? Nọ́ọ̀sì ní kò yẹ kó ju mẹ́ta lọ. Mo ní mẹ́ta kẹ̀! Ẹyọ kan gan-an ti pọ̀ jù! Bàbá rẹ fi aṣọ dímú, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ tún ń dà.

Mardiyah bá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kì í ṣe ènìyàn, nọ́ńbà ni, INR ni wọ́n ń kọ ọ́, òun ni wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì. Ó ní oògùn tuntun kò bá ti àtijọ́ jà rárá, ńṣe ló ń tì í lẹ́yìn, tó sọ ọ́ di alágbára jù. Ó wá bi bàbá rẹ pé ṣé dókítà kò ní kó dín ti àtijọ́ kù, kó sì padà wá fún àyẹ̀wò ni? Bàbá rẹ ní ó sọ bẹ́ẹ̀, òun sì ń dín in kù: ike rẹ̀ kún nígbà tóun kúrò l'Ékòó, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán báyìí. Nọ́ọ̀sì wábi jókòó sí.

Wọ́n dá a dúró síbẹ̀, wọ́n dá ti àtijọ́ dúró ná, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì dá. Mo gbé etí lé àyà rẹ̀, ó ń lù gbì, gbì, gbì, bí ẹni ń gún iyán láìkánjú. Omi bọ́ lójú mi. Ó bi mí kí ló dé, mo ní òógùn ni.

Wọ́n ti kọ ìwọ̀n tuntun ti oògùn àtijọ́ fún un báyìí, díẹ̀ ni, ọwọ́ mi ló sì wà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa padà lọ ṣe àyẹ̀wò, nítorí náà fi owó ọkọ̀ àti ti àyẹ̀wò ránṣẹ́. Fi í ránṣẹ́ sí Shalom, ọmọ tó ń ṣe POS, tó gbé báńkì rẹ̀ sábẹ́ agboòrùn nítòsí ilé ìwé. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ́ kójò pa owó wa. Fi ti adìyẹ kan kún un, ẹnu aláìsàn ti ń ráhùn.

Ìwọ lo máa sin wá, àwa kò ní sin ọ́. Ọ̀nà rẹ yóò là, ọwọ́ rẹ kò ní gbẹ. Bí ìyàwó rẹ bá ń sọ̀rọ̀, jókòó kó o gbọ́ ọ délẹ̀, nítorí ìdajì ọ̀rọ̀ lọkùnrin ìdílé yín máa ń gbọ́.

Èmi ni ìyá rẹ.